Kí la ó máa fún ajá jẹ báyìí tí owó oúnjẹ àpò ti ga jù?

Ìyá Bruno, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá ni mo gbé wá. Bruno, ọmọ ajá Alsatian tí bàbá àwọn ọmọ mi gbà wálé, ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin. Àpò oúnjẹ tí wọ́n fi sin ín wá ti tán. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, iye tí wọ́n pè é tó owó ìrẹsì tí gbogbo ilé á jẹ. Láti ìgbà náà, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ló ń jẹ, tí ẹran bá ṣẹ́kù a ó fi lé e lórí. Kò kọ oúnjẹ rí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ń tẹ̀ síta, àwọn ọmọ á sì máa pè é pé kó wá ṣeré, ìjókòó ló máa jókòó sí. Aládùúgbò mi ní ẹran nìkan ni kí n máa fún un, pé gàrí kì í ṣe oúnjẹ ajá. Ẹlòmíì ní kí n lọ ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa sè é ni àbí kí n máa rà á? Tí n bá sì máa sè é, kí ni kí n sè?

Bàbá Tanímọ̀la, Abẹ́òkúta

Ìyá Bruno, ẹ kú ìtọ́jú. Màá fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún àwọn dókítà tó wà níbí. Ti oúnjẹ sísè ni màá sọ.

Ẹ̀bà fúnra rẹ̀ kò pa ajá lára. Àìsí nǹkan gidi pẹ̀lú rẹ̀ ni wàhálà. Pùròtéènì inú gàrí kò ju bí ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọmọ ajá tó ń dàgbà sì ń fẹ́ ó kéré tán ìdá 22 nínú oúnjẹ rẹ̀, tí a bá yọ omi kúrò. Àgbà ajá ń fẹ́ 18. Ẹ rí i pé tó bá jẹ́ ẹ̀bà ló pọ̀ nínú abọ́, ikùn á yó, ara ò ní rí nǹkan lò.

Orí adìyẹ, ẹsẹ̀ adìyẹ àti ẹja ṣawá ni mo fi ń bọ́ àwọn tèmi. Àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà máa ń ta orí àti ẹsẹ̀ lọ́pọ̀, àwọn ẹlẹ́ja yìnyín sì máa ń dín owó ṣawá tó ti bẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹja tó bẹ́ ni mo wí o, kì í ṣe èyí tó ti ń rùn. Tí mo bá délé, màá gé àgógó orí adìyẹ dànù, màá bọ́ awọ ẹsẹ̀ àti èékánná, màá fọ gbogbo rẹ̀, màá dà á sínú ìkòkò prẹ́ṣọ̀ pẹ̀lú omi. Kò sí iyọ̀, kò sí Maggi, kò sí àlùbọ́sà, kò sí ata. Iná rẹ̀ máa ń pẹ́. Tí mo bá sọ̀ ọ́, màá mú orí kan, màá fi àtàǹpàkò tẹ agbárí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fọ́ kúnná láàárín ìka mi. Tó bá ṣì ń ta kó, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń gún mi lọ́wọ́, ó ń padà sórí iná nìyẹn. Bí mo ṣe ń ṣe egungun ẹja náà nìyẹn.

Omi tí mo fi sè é ni màá da ìrẹsì wẹ́wẹ́ sí. Ìgbà mìíràn iṣu ni, tàbí ànàmọ́. Tó bá ti ń jinná, màá rẹ́ elégédé tàbí kárọ́ọ̀tì sí i. Ìdajì ìkòkò máa ń jẹ́ ẹran àti ẹja, ìrẹsì á tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ewébẹ̀ ni yòókù. Màá dì í sínú ọ̀rá ní ìwọ̀n oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ó di inú fírísà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, màá fi ẹ̀dọ̀ díẹ̀ kún un. Díẹ̀ ni mo wí, torí fítámì A inú ẹ̀dọ̀ máa ń gbára jọ sínú ara ajá, tó bá sì pọ̀ jù, egungun àti oríkèé ló máa ń bà jẹ́.

Dókítà Ẹran, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Ìyá Bruno, ìbéèrè méjì lẹ bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ẹsẹ̀, torí òun ni kò lè dúró.

Ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn ẹran nìkan yẹn. Fọsifọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ẹran tí kò ní egungun, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú rẹ̀ lè má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ara ajá sì ń fẹ́ kí kálísíọ̀mù ju fọsifọ́rọ́ọ̀sì lọ díẹ̀, bíi 1.2 sí 1. Tí kálísíọ̀mù kò bá ti inú oúnjẹ wá, ara á lọ yọ ọ́ láti inú egungun kí ti inú ẹ̀jẹ̀ má baà lọ sílẹ̀. Egungun á wá di ẹlẹgẹ́, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀, dídún á sì mú kí ọmọ ajá máa jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré. Mo ti rí èyí tó fò láti orí àga tí itan rẹ̀ dá. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ náà máa ń fa irú rẹ̀, torí kálísíọ̀mù kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mi ò lè sọ látorí ìwé pé ohun tó ń ṣe Bruno nìyẹn. Àwọn àìsàn egungun mìíràn wà tó jọ ọ́. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí yín. Títí dìgbà náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó máa fò, kó má sì máa sáré lórí táìsì tó ń yọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ ra oògùn kálísíọ̀mù fúnra yín kí ẹ máa dà á sí i lẹ́nu. Àgbà ajá lè kọ èyí tó bá pọ̀ jù kó sì yà á jáde. Inú ọmọ ajá tí kò tíì tó oṣù mẹ́fà kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá dà sí i ló ń gbà wọlé. Nínú àwọn irú ajá tó ń tóbi, Alsatian, Boerboel, Rottweiler, àpọ̀jù rẹ̀ máa ń ba egungun àti oríkèé jẹ́ bí àìtó rẹ̀ ṣe ń bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ààlà sí i nínú oúnjẹ ọmọ ajá ńlá, kó má ju ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ní ti kí ẹ sè é tàbí kí ẹ rà á: èrò tèmi ni pé tí owó kò bá tó ṣe méjèèjì, ọmọ ajá ni kẹ́ ẹ náwó oúnjẹ àpò lé lórí. Ìkòkò Bàbá Tanímọ̀la dára fún àgbà ajá, mo sì yìn wọ́n. Ọmọ Alsatian oṣù mẹ́rin kò ní àyè àṣìwọ̀n. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ọmọ ajá irú ńlá sí lára. Tí kò bá tó, ẹ fi ẹyin sísè àti ẹja tí egungun rẹ̀ ti rọ̀ kún un, kí oúnjẹ àpò ṣì pọ̀ jù nínú abọ́. Tó bá dàgbà tán, ẹ lè wá máa sè.

Ọmọ Mushin

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ gbogbo èyí o, ṣùgbọ́n ajá ìbílẹ̀ tí bàbá mi sìn kò mọ ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ àpò. Ẹ̀kọ, àmàlà, egungun ẹran, ohun tí a bá jẹ kù ló ń jẹ, ó sì dàgbà títí irun ẹnu rẹ̀ fi funfun. Ṣé kì í ṣe pé àwa la ń ṣe àṣejù ni?

Bàbá Tanímọ̀la, Abẹ́òkúta

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Ajá bàbá rẹ kò sí lórí ẹ̀wọ̀n. Kó tó wá jẹ àmàlà yẹn, ó ti pa eku, ó ti jẹ tata, ó ti he egungun lẹ́yìn ọlọ́ja, ó ti jẹ òkú adìyẹ. Inú ìgboro ló ti ń rí pùròtéènì àti kálísíọ̀mù rẹ̀. Bruno wà lẹ́yìn géètì. Ohun tí Ìyá Bruno bá gbé síwájú rẹ̀ nìkan ló ní láyé. Ara ajá ìbílẹ̀ kì í sì í tóbi, kílò rẹ̀ kì í pọ̀, nígbà tí egungun Alsatian ń yára ga ní ìwọ̀nba oṣù díẹ̀. Má sì gbàgbé pé àwọn tó kú ní kékeré nínú ọmọ ajá ìbílẹ̀, a kì í kà wọ́n. Èyí tó yè la ń rántí.

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mísírì

Ẹ jẹ́ kí n gbe Ọmọ Mushin lẹ́yìn níbì kan. Àwọn tó ń pariwo pé ìkookò ni ajá, pé kò gbọ́dọ̀ kan ìrẹsì tàbí iṣu, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Sweden gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n rí i pé ẹ̀dà méjì péré ni ìkookò ní nínú apilẹ̀ àbùdá tó ń pèsè èròjà tó ń da sítáàṣì, tí ajá sì ní láti 4 títí dé 30. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ajá ti ń jẹun lọ́dọ̀ èèyàn. Oúnjẹ wa ti yí wọn padà. Kí ìrẹsì àti iṣu jinná dáadáa ṣáá ni.

Àǹtí Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o. Níhìn-ín, ẹran tútù tí a kò sè ni ọ̀pọ̀ ń fún ajá báyìí, tí wọ́n ń rà á ní dídì láti ṣọ́ọ̀bù. Èmi kì í ṣe é. Dídì inú fírísà kì í pa kòkòrò Salmonella, mo sì ní ọmọ kékeré tí ajá máa ń lá lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tí iná ń lọ tó ń bọ̀, mi ò rí bí ẹran tútù ṣe fẹ́ bá yín mu rárá.

Oúnjẹ tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ọkà kankan, táwọn èèyàn ń san owó gọbọi fún, ẹ ṣọ́ra fún un. Ní 2018 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí wádìí bóyá àwọn oúnjẹ bẹ́ẹ̀, tí oríṣiríṣi ẹ̀wà pọ̀ nínú rẹ̀, ló wà nídìí àìsàn ọkàn kan tó ń mú kí ọkàn ajá wú. Wọn ò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni. Ṣùgbọ́n mi ò rí èrè kankan níbẹ̀ tí mo fi máa sanwó púpọ̀ sí i.

Èyí tó yẹ kí gbogbo yín mọ̀ ni xylitol. Ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà ni, ó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kò ní ṣúgà, ó wà nínú àwọn ọṣẹ ìfọyín kan àti nínú bọ́tà ẹ̀pà mìíràn. Tí wọ́n bá ń kó nǹkan ránṣẹ́ sí yín láti òkèèrè, ẹ ka ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi kan ajá. Èèyàn jẹ ẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ti ajá, láàárín bí ìdajì wákàtí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á ṣubú, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìyànà-Ìpájà

Èmi ń ta oúnjẹ ajá, nítorí náà ọ̀rọ̀ kóńgò kàn mí. Èmi náà máa ń wọ̀n ọ́n tà, nítorí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè gbé odindi àpò. Ohun tí oníbàárà gbọ́dọ̀ bèèrè rèé. Ẹ ní kí wọ́n fi àpò tí wọ́n ti bù ú hàn yín. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà lára rẹ̀. Oúnjẹ yẹn jẹ́ ti ọmọ ajá tàbí ti àgbà, ó wà lára rẹ̀. Ìdá pùròtéènì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti sọ àpò nù, ẹ máa lọ.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rá ẹran wà lára oúnjẹ yẹn, tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, á máa rùn bí epo tó ti kan. Ẹ wò ó bóyá ìgbẹ́ eku wà níbẹ̀, torí ìtọ̀ eku ń kó àìsàn ran ajá, ó sì lè ran èèyàn. Èmi máa ń ká ẹnu àpò mi, màá gbé e pẹ̀lú àpò rẹ̀ sínú ike onídèérí. Ẹni tó bá dà á sí ọ̀pọ́n nínú oòrùn, tó ń fi ṣíbí bù ú, ẹ má rà á lọ́wọ́ onítọ̀hún bó ti wù kó dínwó tó.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìṣẹ́yìn

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oúnjẹ adìyẹ kò lè ṣe é? Ìyẹn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, pùròtéènì wà níbẹ̀, kò sì wọ́n bíi ti ajá. Mo mọ ẹni tó ń rò ó fún ajá rẹ̀.

Dókítà Ẹran, Ọ̀yọ́

Ẹ sọ fún un kó dáwọ́ dúró lónìí. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ òròmọdìyẹ àti ti broiler ni wọ́n ti po oògùn sí nítorí àìsàn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ adìyẹ. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn, monensin, salinomycin, lasalocid, májèlé ni wọ́n lára ajá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ajá ò ní lè dìde mọ́, ó sì lè dé ibi tí kò ní lè mí. Ti adìyẹ tó ń yé ẹyin kò dára bákan náà, kálísíọ̀mù tí wọ́n kó sí i nítorí èèpo ẹyin pọ̀ ju ohun tí egungun ọmọ ajá lè gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àgbàdo àti ẹ̀pà náà: èyí tó bá ti hu èbu, ẹ má sọ pé ajá ni, á jẹ ẹ́. Májèlé tí èbu ń pèsè kò gbọ́ iná, ẹ sè é títí ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń pa. Ní ìparí 2020, ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ àpò kan tí àgbàdo rẹ̀ ti ní èbu pa ẹran ọ̀sìn ilé tó ju 70 lọ. Kúlíkúlí tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà wà lára ohun tí mò ń wí.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àlùbọ́sà kún un, torí òun ló wà nínú gbogbo ọbẹ̀ wa. Ajá Lhasa kékeré tí àbúrò mi ń sìn jẹ ìyókù sùúyà lálẹ́, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí wọ́n gé sí i àti yàjì. Ó kọ́kọ́ bì, ó yàgbẹ́, a rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi ṣobo. Dókítà ní àlùbọ́sà ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbà á là, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé bí àlùbọ́sà bá tó gíráàmù 15 sí 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ajá, ó ti lè ṣèpalára. Ajá kékeré kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Sísè kò yọ ọ́, gbígbẹ kò yọ ọ́, ó sì wà ní lílọ̀ nínú Maggi. Ààyù náà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún ka ṣokoléètì, èso àjàrà àti àjàrà gbígbẹ tó ń wà nínú kéèkì mọ́ ohun tí ajá kò gbọ́dọ̀ jẹ. Mo ní obì ńkọ́, torí àwọn àgbà ilé wa kì í ṣíwọ́ nínú obì jíjẹ, wọ́n á sì máa ju ìṣẹ́kù sílẹ̀. Wọ́n ní kí a máa gbá a, torí èròjà tó ń lé oorun lọ lójú èèyàn nínú obì máa ń mú ọkàn ajá sáré kọjá ààlà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń da epo pupa sí ajá lẹ́nu pé ó jẹ májèlé, dókítà ní epo kì í pa májèlé. Ó lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọkọ̀ ni kí ẹ wá.

Ọmọ Mushin

Mo dúpẹ́ o. Egungun adìyẹ tí a ti jẹ tán ńkọ́? Kí ẹyin jẹ́ tútù ńkọ́?

Bàbá Tanímọ̀la, Abẹ́òkúta

Egungun itan àti ti apá tí a fi se ọbẹ̀, tí kò rọ̀, má fún un. Ṣe ló máa ń là ní ṣónṣó, ó lè gún ọ̀fun tàbí ìfun. Èyí tí kò bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ, má gbé e síwájú ajá. Ẹyin, sè é. Nǹkan kan wà nínú funfun ẹyin tútù tó ń di fítámì kan mú kí ara má rí i lò. Ṣawá tútù náà, sè é, torí ohun tó wà nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀ máa ń run fítámì B1. Iná ń pa méjèèjì.

Èèpo ẹyin má sọ ọ́ nù. Fọ̀ ọ́, sá a, gún un títí á fi kúnná bí ẹlùbọ́. Fún àgbà ajá tó ń jẹ ẹran aláìlégungun, ìdajì ṣíbí kékeré sí ìdajì kílò ẹran ni èmi ń lò.

Ìyá Bruno, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá àwọn ọmọ ti ka gbogbo rẹ̀. A ó gbé e lọ yunifásítì lọ́jọ́ Ajé. A sì ti fẹnu kò pé oúnjẹ àpò ti ọmọ ajá irú ńlá la máa rà, ẹyin àti ṣawá á máa tẹ̀lé e, tó bá dàgbà ni màá máa sè bíi ti Bàbá Tanímọ̀la. Ìbéèrè tó kù: ṣé kí n pa ẹ̀bà rẹ̀ rẹ́ lójijì? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó, torí Bruno kì í sọ pé òun yó?

Dókítà Ẹran, Ọ̀yọ́

Ìyá Bruno, ẹ má pa á rẹ́ lójijì, inú rẹ̀ á yàgbẹ́. Ẹ máa dín ti àtijọ́ kù díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi tuntun kún un, kí ó gba bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni kó máa jẹun báyìí, tó bá kọjá oṣù mẹ́fà ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí bì tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, ẹ má rò pé oúnjẹ tuntun ni, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an nítorí parvo, àrùn inú tó ń pa ọmọ ajá.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ tẹ̀lé ohun tó wà lára àpò fún ọjọ́ orí àti kílò rẹ̀. Kí ẹ lè ní òye rẹ̀, àgbà ajá kílò 20 tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára, bíi gíráàmù 300 oúnjẹ àpò ló ń jẹ lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọwọ́ pa á ní ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí ẹ máa kan egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ má sì fi ojú rí gbogbo rẹ̀ lókèèrè. Tí ẹ kò bá kàn án, ó ti sanra jù, ẹ dín in kù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn èèyàn sọ fún yín pé kó tóbi kíákíá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2002 lórí ajá Labrador 48 fi hàn pé àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún fi nǹkan bí ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn ọmọ ìyá wọn lọ, àrùn oríkèé kò sì tètè bá wọn jà.

Kí omi tó mọ́ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Tí ẹ bá ń lọ yunifásítì lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sì bu ìgbẹ́ rẹ̀ ti àárọ̀ ọjọ́ náà díẹ̀ sínú ike kékeré, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aràn wà níbẹ̀.